Ọmọ́nlé Kò Lóró, Àwa La Ní Májèlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ti àwa ará Ìgànmú tún yàtọ̀. Ejò kò bù wá jẹ, ekòló kò ṣe wá ní nǹkan kan, síbẹ̀ a ń sá. Ẹni tí a ń sá fún ni ọmọ́nlé, ẹran kékeré ara ògiri tí àwọn mìíràn ń pè ní ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti kọ, ṣé ọmọ́nlé ló kù? Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹ̀mí ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ tèmi sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìgànmú mọ̀ pé ilẹ̀ àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè wà, ilé ńlá tí ó dà bí fìlà sójà, tí a ṣí ní 1976 nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977, tí a sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Ilé tiwa kò ní fìlà. Yàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan. Gọ́tà iwájú ilé kì í gbẹ, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ̀fọn a yé síbẹ̀. Ibi tí ẹ̀fọn, aáyán àti àfòpiná bá pọ̀ sí, ọmọ́nlé a wá oúnjẹ wá síbẹ̀. Bí iná bá dé lálẹ́, a ó kàn rí wọn tí wọ́n yí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, bí ẹni pé àwọn ni onílé tí wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí owó ilé wa.

Kò sí ọmọdé kan nínú ilé náà tí kò mọ ohun tí a ń sọ nípa wọn. Wọ́n ní bí ọmọ́nlé bá já sínú ọbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá jẹ ọbẹ̀ náà yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní itọ́ rẹ̀ burú ju oró paramọ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kì í sùn, pé ẹni ayé ló rán an wá ṣọ́ wa, nítorí kò sí ẹni tí ó rí i kí ó di ojú rí. Wọ́n ní ẹran wo ló lè fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ó máa rìn lára àjà bí kò bá ní ọwọ́ ayé nínú? Bí ó bá sì já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, tí ìrù náà ń jà pìtìpìtì, wọ́n ní èpè ló ń ṣẹ́. Èmi náà gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi wọ yunifásítì, mo sì tún gbà á gbọ́ níbẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ti Akọka dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Ìyá Ìbejì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ti se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kalẹ̀, nítorí àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò tíì fi ọmọrí dé ìkòkò, ó ní kí ooru rẹ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Bí mo ti ń kọjá ni mo rí ọmọ́nlé kan ní ẹnu ìkòkò náà. Mo figbe ta: "Ọmọ́nlé ti já sínú ọbẹ̀ o!" Ní òtítọ́, kò já sínú ọbẹ̀. Ẹnu ìkòkò ló wà, ó sì ti sá gun ògiri kí n tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n igbe ti jáde, gbogbo ilé sì ti tú síta.

Ìyá Ìbejì wò mí lójú. Ó ní, "Ọmọ yunifásítì, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo rí i?" Mo ní, "Ẹ̀n, mà. Èmi ni mo rí i." Ojú ń tì mí láti sọ pé igbe mi ju ohun tí mo rí lọ. Obìnrin náà gbé ìkòkò, ó da ọbẹ̀ náà sí gọ́tà, tòun ti ẹran, tòun ti panla. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ló dé. Ọmọ tí ó mọ̀wé ló sọ ọ́, ó ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, ó ra májèlé lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ti bárò kiri, tí ó ń polówó oògùn èkúté, oògùn aáyán àti ọ̀tapíàpíà. Inú ìgò mínírà ni ọkùnrin náà rọ ọ́ sí fún un. Ìyá Ìbejì wọ́n ọn sí gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì fi ìyókù pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, rí ìgò mínírà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ọmọdé ń fi ìgò mínírà ṣe.

Nígbà tí a ó fi gbọ́ igbe, itọ́ ti ń yọ ní ẹnu ọmọ náà bí ìfófò ọṣẹ, òógùn ti bò ó, ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé láti rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Ọlọ́run ló ní kí nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó gba epo náà dànù. Ó ní kí a má ṣe fún un ní ohunkóhun, kí a má ṣe jẹ́ kí ó bì, kí a gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu. Aládùúgbò kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọmọ náà yè, ó ń sáré kiri nílé báyìí. Ìyá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Bóyá kò tilẹ̀ rò ó débẹ̀ pé igbe mi ló bí ìgò yẹn. Èmi mọ̀.

Ìtìjú yìí ló mú mi tọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko, mo ní kí ó wá ìwé fún mi kà. Ohun tí mo rí nínú àwọn ìwé náà nìyí. Ọmọ́nlé kò ní oró. Irú rẹ̀ tí ó wà láyé lé ní ẹgbẹ̀rún, kò sì sí ọ̀kan tí a mọ̀ pé ó ní oró nínú wọn. Àwọn aláǹgbá kan wà tí wọ́n lóró ní tòótọ́. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní Gila monster, tí ó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Kò sí èyí tí ó ti ibẹ̀ wá sí Ìgànmú rí. Ọmọ́nlé tiwa, eyín rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni ó fi lè há awọ ènìyàn.

Pé kì í sùn ńkọ́? Ó ń sùn. Kò ní ìpéǹpéjú bíi tiwa ni. Ìpẹ́ kan tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló bo ẹyinjú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ni ó sì fi ń nù ún. Àjà tí ó ń rìn lára rẹ̀ ńkọ́? Àwọn irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló kún abẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ. Ní 2000, Kellar Autumn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun kan ṣoṣo lára irú ọmọ́nlé ńlá kan tí ó wá láti Éṣíà, wọ́n sì fi hàn pé irun wọ̀nyí ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí òòlẹ̀, kò sí oògùn. Ìrù tí ó ń jà nílẹ̀ sì jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: bí ológbò bá ti ń wo ìrù, olórí ìrù ti lọ. Ìrù mìíràn yóò hù.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ pé àwọn àgbà wa kò mọ nǹkan kan. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà. Ní 1985, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ yìí tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ọmọ́nlé inú ilé máa ń gbé kòkòrò àìrí tí wọ́n ń pè ní Salmonella kiri nínú ìfun rẹ̀. Kòkòrò yìí ní í fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ ọmọ́nlé bá kán sínú oúnjẹ tí a kò dé, tí oúnjẹ náà sì sùn mọ́jú láìgbóná, inú ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè dàrú. Àwọn àgbà rí àìsàn náà lóòótọ́, wọ́n sì rí ẹni tí ó kọjá lára ìkòkò. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní oró. Ìdájọ́ wọn kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Ọmọrí ìkòkò ni oògùn Salmonella, àti ọṣẹ, àti gbígbé ọbẹ̀ kaná dáadáa. Ẹni tí ó bá pè é ní oró ni yóò wá májèlé lọ.

Àwa tí a ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ. Nígbà tí àwọn baba wa rí ejò kan tí ó ń ṣekú pani, wọ́n pè é ní paramọ́lẹ̀, orúkọ tí ó dà bí àṣẹ pé kí a pa á kí a sì bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí èyí lára ògiri, ọmọ ilé ni wọ́n pè é. Ta ni ń sọ apani ní ọmọ ilé? Mo mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa bèèrè bóyá ẹ̀rù yìí dàgbà tó bí a ti rò.

Àwa nìkan kọ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀yà kan wà tí ó ti Áfíríkà kọjá sí òdìkejì òkun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé inú ọkọ̀ ojú omi ló bá lọ, nínú èyí tí wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Orúkọ tí onímọ̀ ará Faransé kan fi sínú ìwé fún un ní 1818 ni mabouia, ọ̀rọ̀ àwọn ará erékùṣù Karíbíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀mí búburú. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kanchipuram ní Íńdíà, tẹ́ńpìlì kan wà tí ère irú ẹran yìí méjì wà lára àjà rẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ wúrà, ọ̀kan aláwọ̀ fàdákà. Àwọn olùjọ́sìn a máa na ọwọ́ kàn wọ́n kí ibi má bàa bá wọn. Ẹran kan náà ni, ó di ẹ̀mí búburú níhìn-ín, ó di ààbò lọ́hùn-ún. Èyí fi hàn pé ọ̀ràn náà kò sí lára ọmọ́nlé, lọ́dọ̀ àwa tí a ń wò ó ló wà.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa yóò rán mi létí pé hádíìsì wà tí ó sọ̀rọ̀ nípa pípa á. N kò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á, bàtà tó o. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó má ṣe rọ májèlé síbi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Nítorí májèlé gidi ni. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìgò kékeré ìgboro ni dichlorvos. Iṣan ara ni ó ń bá jà: ohun tí ó yẹ kí ó máa dá iṣan dúró lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó ń mú so, ni itọ́ àti òógùn yóò bá máa ya, tí èémí yóò sì di ìjàkadì. Bí ó ṣe ń pa aáyán náà ló ṣe lè pa ènìyàn. Nítorí ìjàm̀bá rẹ̀ ni àjọ NAFDAC ṣe fòfin de títà ìgò rẹ̀ kékeré, ti mílílítà 100, ní 2019. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá ní Ìgànmú, Mùṣín àti Yábàá. Bí ẹ̀rù bá ṣì wà nínú ilé, oníbárò yóò máa rí oníbàárà. Àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Àwa tí a ní a fẹ́ fi májèlé pa ọmọ́nlé, a ti rí ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Ẹ tún wo èrè rẹ̀. Ní 2022, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ti kà á, nínú gbogbo ibà ẹ̀fọn 100 tí ó mú ènìyàn láyé, 27 ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Èmi kò sọ pé ọmọ́nlé ni yóò lé ibà lọ. Àwọ̀n ẹ̀fọn àti gọ́tà tí ó ń ṣàn ni yóò ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó ń jẹ ẹ̀fọn, tí ó ń jẹ aáyán, tí ó ń jẹ àfòpiná láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣé ọ̀tá ni a ó pè é?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ìfun ọmọ́nlé? Ṣé iṣẹ́ wa kọ́ ni láti gbé àṣà lárugẹ? Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí dé nìyí. Nínú kíláàsì, a máa ń sọ pé ìmọ̀ àwọn baba wa jinlẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn baba náà ló ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Ẹni tí ó ń padà wá bèèrè ní ọrọọrún kì í ṣe ẹni tí ó rò pé ìmọ̀ òun ti parí. Ìbéèrè ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ Yorùbá. Àwa la sọ ọ́ di ohun tí a kàn ń há sórí. Bí a bá kó gbogbo ohun tí ìyá àgbà sọ jọ, tí a kò yẹ ọ̀kan wò, a kò tíì bọ̀wọ̀ fún un. A kàn ṣe é bí ẹni tí kò lè bá wa jíròrò ni.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa àwọn ẹran inú ilé àti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, ọmọ́nlé, agẹmọ, aláǹtakùn, ọ̀pọ̀lọ́, kí a sì bá àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí a gbé e ga. Èyí tí ó bá kù díẹ̀, kí a tún un ṣe. Èyí tí ó bá lè pani, kí a sọ ọ́ síta ní èdè Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà yóò gbọ́, kí ó má jẹ́ inú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò wà.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ọmọ́nlé bá òun gbé, kò ṣẹ̀ mí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ́nlé. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ojú ògiri. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Ẹ gbá èérún oúnjẹ kí aáyán má bàa rí jẹ, nítorí ibi tí kò bá sí aáyán, ọmọ́nlé kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ dé ìkòkò yín. Bí ẹ bá sì ní májèlé kankan nílé lónìí nínú ìgò tí a fi ń mu nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yí ojú ìwé yìí sí òdìkejì, ẹ dìde, ẹ lọ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Èmi ti lọ bá Ìyá Ìbejì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé ọmọ́nlé ọjọ́sí kò já sínú ọbẹ̀, pé ẹnu ìkòkò ló wà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Nígbà náà, kí ló dé tí o fi pariwo?" N kò rí èsì fún un. Ìwé tí mo kọ yìí ni èsì mi.

Ire o.